Bí mo ṣe tún top gasket tó jó lára ọkọ̀ mi ṣe
Omi rádíétọ̀ ń gbẹ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò jò sílẹ̀. Èéfín funfun ń rú látẹ̀yìn, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa. Mo yọ àwọn pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo wò: mẹ́ta dúdú, ìkẹrin mọ́ tónítóní, omi ti fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi: top gasket, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti jó, omi sì ń wọ ibi tí epo ti ń jó.

Mo tú orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn pààrọ̀ gasket nìkan o! Mo gbé irin tó gún régé lé e lábẹ́, irin pẹlẹbẹ oní 0.1 mm tí a fi ń wọn àlàfo sì wọ àárín wọn. Orí náà ti wọ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́jú. Bọ́ọ̀tì tuntun ni mo fi dè é, láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Omi ò dín mọ́.