Kí Kọnkéré Tó Bo Irin: Bí Mo Ṣe Ń Lo Kámẹ́rà Onífíìmù ní Sáìtì

Bí wọ́n bá ti da kọnkéré bo irin, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ. Ológuǹẹ́rù, n'Ìbàdàn, ni mo ti kọ́gbọ́n yìí, níbi tí mo ti ń bójú tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alájì kan. A ti da dẹ́kìn tán, káfíńtà ti tú páákó, ni ẹnì kan bá lọ sọ fún Alájì pé ríǹgì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ yí irin òpó ká, kò pé nínú àwọn òpó ìsàlẹ̀. Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, mi ò pè yín lólè o. Ẹ ṣáà fi hàn mí." Fọ́tò wà lóòótọ́, àmọ́ inú fóònù tí wọ́n ti yọ lápò mi nínú mọ́tò ló wà. Ni a bá gbé òòlù, a fọ́ òpó kan. Ríǹgì pé. Owó àpò mi ni mo fi tún òpó náà ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú kámẹ́rà onífíìmù lọ sí sáìtì. Ẹ lè ní ṣebí ó yẹ kí n máa kó fọ́tò fóònù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò jẹ̀bi, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n négátíìfù ò bèèrè dátà, kò sì sí olè tó máa wo négátíìfù kó rò pé owó ni.

Àwọn ará Japan ṣe irú kámẹ́rà yìí fún sáìtì gan-an. Lọ́dọ̀ wọn, agbaṣẹ́ṣe tó bá gba iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ máa ya fọ́tò iṣẹ́ náà bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú pátákó dúdú kékeré kan nínú fọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́, ibi tó wà àti ọjọ́ sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Konica gbé èyí tí wọ́n pè ní Genba Kantoku jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni alábòójútó sáìtì, ìyẹn èmi gan-an. Lẹ́ńsì ti àkọ́kọ́ jẹ́ 40mm. Àwọn kan tó tẹ̀lé e ní 28mm, èyí tó ń gba ibi tó fẹ̀, tó sì dára bí ẹ bá wà nínú yàrá tóóró tí ẹ ò ríbi fà sẹ́yìn sí. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi nítorí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Fuji náà ní tirẹ̀ tí wọ́n kọ HD sí lára. Nikonos V tí Nikon gbé jáde ní 1984 lè wọ inú omi dé 50 mítà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa fọwọ́ yí lẹ́ńsì rẹ̀ kí àwòrán tó hàn kedere. Odò Ọ̀nà ò jìn tó bẹ́ẹ̀, n ò rà á.

Konica darapọ̀ mọ́ Minolta ní 2003, wọ́n sì kúrò nídìí kámẹ́rà ní 2006. Pààtì tuntun ò sí mọ́, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àárín rédíò àti áyọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ ni mo ti rí tèmi ní Ògúnpa. Ẹni tó tà á ní kámẹ́rà ọmọdé ni nítorí bọ́tìnnì ńláńlá yẹn. N ò bá a jiyàn.

Ẹ mú bátìrì tuntun dání lọ. Ẹ ṣí ilé bátìrì: bí ẹ bá rí ìdọ̀tí funfun tàbí èyí tó dà bí àwọ̀ ewé lára irin ibẹ̀, bátìrì ti jò níbẹ̀ rí. Díẹ̀ ṣe é nù, púpọ̀ ò ṣe é rà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ́ rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tó ń rún kúrékúré, eruku àti omi ti rọ́nà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́ńsì látẹ̀yìn. Bí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn bá wà níbẹ̀, ó ti bu nìyẹn, bí búrẹ́dì ọjọ́ kẹrin. Ẹ dá a padà.

Ti fíìmù ò le. ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó; 400 ni kí ẹ rà, nítorí abẹ́ dẹ́kìn máa ń ṣókùnkùn. Àwọn ojú dúdú àti fàdákà tó wà lára agolo fíìmù ni wọ́n ń pè ní DX, Kodak ló mú un dé ní 1983. Òun ni kámẹ́rà fi ń mọ irú fíìmù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà ìgbà yẹn ń tẹ ọjọ́ sí igun fọ́tò, ṣùgbọ́n ọdún inú ọ̀pọ̀ wọn ò kọjá 2019. Ẹ pa á. Ẹ ṣe bí àwọn ará Japan: mo ní kí káfíńtà gé páákó pẹlẹbẹ kan fún mi, mo kùn ún ní dúdú, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ ọ́. Orúkọ sáìtì, nọ́ńbà òpó, ọjọ́, ìwọ̀n irin. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi.

Pátákó yẹn tún ń yanjú ohun tó ń ba fọ́tò irin jẹ́ jù lọ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà yìí ń tan iná tí ojú ò rí jáde láti fi mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí, àárín fọ́tò nìkan ló sì ń wò. Bí àárín bá bọ́ sí àlàfo irin méjì, iná á kọjá lọ bá ògiri ẹ̀yìn. Ògiri á hàn kedere, irin tí ẹ torí rẹ̀ wá á wá rí bàìbàì. Ẹ jẹ́ kí lébìrà gbé pátákó sí ọ̀gangan irin gan-an. Ẹ fi àárín wo pátákó, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ má jùwọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá yí kámẹ́rà sí ibi tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Fíìmù méjì odindi ni mo fi ya ògiri kí n tó mọ èyí.

Òpó kan, fọ́tò mẹ́ta. Ọ̀kan láti òkèèrè, kí òpó tó kù hàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ilé ẹlòmíì ni. Ọ̀kan nítòsí, pẹ̀lú téèpù lára ríǹgì: bí wọ́n bá kọ àlàfo 200mm láàárín ríǹgì sí plan, kí téèpù sọ ọ́. Ìkẹta wà fún ìsàlẹ̀, kí bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré kékeré tó ya irin kúrò lára páákó, lè hàn. Àwọn áyọ́ọ̀nù bẹ́ńdà mi máa ń bínú sí fọ́tò kẹta yẹn, nítorí bísíkíìtì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá ń da símẹ́ńtì lọ́wọ́, ẹ má tan fíláàṣì. Eruku á gba iná náà, fọ́tò á kún fún àmì funfun roboto.

Símẹ́ńtì kì í ṣe eruku lásán. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó ń ha lẹ́ńsì. Bí ẹ bá sì bomi díẹ̀ sí i, ó lè dì mọ́ inú bọ́tìnnì. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ ni mo fi ń fẹ́ ẹ dànù kí n tó fi ohunkóhun kàn án. Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ "omi ò ràn án" tí wọ́n ń sọ nípa kámẹ́rà yìí rí, mo rọ omi kẹ́tùrù lé e lórí lẹ́yìn iṣẹ́ kan ní Mọ́níyà. Rọ́bà ìdí rẹ̀ ti gbó, n ò mọ̀. Fíìmù inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà tó tutù. Inú ike tó ń dé pinpin ni kí ẹ máa fi í sí lásìkò òjò, pẹ̀lú àwọn àpò hóró kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà.

Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo ń lò, kí n lè wọ́ṣì rẹ̀ nílé. Fíìmù HP5 nínú oògùn ìwọ́ṣì D-76 tí a ò bomi là, ìṣẹ́jú 7½ ní ìwọ̀n ooru 20 Sẹ́ísíọ́ọ̀sì. Omi ẹ̀rọ wa lóṣù kẹta ò mọ 20 rí. Píọ́ wọ́tà dídì méjì ni mo ń kó sínú báàfù, mo gbé ike oògùn sáàárín rẹ̀, mo sì ń fi tẹmọ́mítà ṣọ́ ọ. Bó bá gbẹ, mo gé e ní mẹ́fà-mẹ́fà, mo kọ nọ́ńbà òpó sára ẹ́ńfílọ́ọ̀pù.

Alájì Ológuǹẹ́rù ti tún fún mi ní iṣẹ́ fẹ́ǹsì kan ní Apáta. Lọ́jọ́ tí a to irin òpó àkọ́kọ́, tí àwọn lébìrà ti ń pò, bàbá yọjú sí wa. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ilẹ̀. "Ẹnjiníà, pátákó yín dà?"