Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Aládìrẹ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nílé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe adìrẹ l'Abẹ́òkúta ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń so aṣọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ láró, ọjà Ìtòkú ni wọ́n ń gbé e lọ tà. Ẹni tó ń ṣe báyìí kì í san owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ aládùúgbò á yà kí i, ọmọ á ní ebi ń pa òun, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á ní kó sin òun dé ọjà kíá, torí gbogbo wọn ti gbà pé ẹni tó wà nílé ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, nínú aṣọ mẹ́rin tó yẹ kó parí, ọ̀kan ló máa rí ṣe, ìyẹn náà á sì lábààwọ́n.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó máa tètè jí. Títètè jí dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ mọ èyí tó ṣeé gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yín àti èyí tí kò ṣeé gbé kalẹ̀, kí ẹ má sì fi àkókò ọ̀kan ṣe èkejì.

Iṣẹ́ tó ṣeé gbé kalẹ̀

Síso adìrẹ oníko àti rírán adìrẹ alábẹ́rẹ́ ṣeé gbé kalẹ̀. Tí ọmọ bá ké, ẹ fún kókó tó wà lọ́wọ́ yín kó le, ẹ lọ dá a lóhùn. Ibi tí ẹ bá a dé náà lẹ máa bá a. Ọwọ́ ọ̀sán ni kí ẹ fi irú iṣẹ́ yìí sí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé, tí ìrẹsì wà lórí iná, tí àlejò sì jókòó tì yín. Ẹ má fi àárọ̀ tí ilé pa rọ́rọ́ ṣòfò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn láti fi ìko bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ìgbà tí ọwọ́ bá fi máa kan aró, ilé ti kún.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ wà láàárín méjèèjì. Ojú-ojú onígun mẹ́rin ni a máa ń pín aṣọ náà sí kí a tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, kí aró má baà wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Tí ẹnì kan bá pè yín, ẹ ya ojú tí ẹ wà lórí rẹ̀ tán kí ẹ tó dìde, torí ìlà tí a dá sí méjì kì í bára mu mọ́ tí ọwọ́ bá padà sí i. Ẹ sì fi nǹkan dé ẹ̀kọ náà kó má baà di ìpẹ́ lójú.

Iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró

Aró tí a fi kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró lè wọ aṣọ) pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn ló ń pa agbára hydrosulphite. Tí ẹ bá po aró tán, tí ẹ wá lọ bá àlejò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, agbára aró náà á ti dín kù, aṣọ tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ò ní dú tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí gbogbo aṣọ ti wà ní síso, kí wọ́n ti rẹ sínú omi, kí okùn tí ẹ máa sá wọn sí ti wà ní títa, kí àwọn ọmọ sì ti jẹun, kí ẹ tó ṣí ike kọ́sítíìkì rárá.

Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni aṣọ máa ń ní nígbà tó bá jáde nínú aró; atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Àsìkò yìí gan-an ni kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀. Ibi tí aṣọ bá ti ká lé ara wọn, atẹ́gùn ò ní dé ibẹ̀, ó sì máa hàn lára rẹ̀ títí láé. Ẹ na ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ yí i padà, kí gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba kí ẹ tó tún un kì bọ aró.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú garawa, kí ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, torí ó lè hó kó sì ta sí yín lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, ẹ bo imú, ẹ sì fi jígí bo ojú. Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì yìí kì í ṣe tuntun l'Abẹ́òkúta: láàárín ọdún 1930 sí 1939 ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn aládìrẹ àti ààfin Aláké, torí ẹ̀sùn pé ó ń ba aṣọ jẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tó lè fi ọmọ ṣe.

Ẹ má ṣe bu kọ́sítíìkì sínú ìgò omi tàbí ìgò míníráàsì. Tí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tó bá ta síni lára tàbí lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó lọ rí dókítà.

Ẹni tó ń lo àbẹ́là dípò ẹ̀kọ náà ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lórí iná. Ẹ gbé agolo àbẹ́là sínú ìkòkò omi tó ń hó, ẹ má gbé e lé iná lásán. Tó bá gbiná, ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ pa sítóòfù. Omi tí ẹ bá dà sí i ló máa mú kí iná náà fọ́n káàkiri.

Kí ará ilé mọ àkókò yín

Aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé, dára fún aró. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ilé, kí ẹ sì máa sọ ọjọ́ náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ bá ìyá tàbí aládùúgbò kan ṣe é pé kó bá yín gbé e, kí ẹ̀yin náà bá a gbé tirẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

A kì í lé àgbà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé àga àti omi fún wọn, kí ẹ sì ké sí wọn láti ibi tí ẹ wà pé, “Màmá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi wà nínú aró. Tí mo bá ti sá a tán, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.” Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró á kàn kí yín ní “Àrẹ̀dú o”, á sì jókòó dè yín.

Ẹ̀yin ọkọ, tí ìyàwó yín bá ń rẹ aṣọ, ẹ má pè é kó wá bu omi fún yín. Owó ilé ìwé tí ẹ jọ ń san wà nínú aró yẹn.

Fóònù, ẹ fi í sínú yàrá. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp yín pé láti aago kan ọ̀sán lẹ máa ń dá ìpè padà. Oníbàárà tó fẹ́ aṣọ máa dúró.

Òjò

Láti oṣù kẹfà sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án, òjò kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ tètè gbẹ, ẹ̀kọ tí kò bá sì gbẹ máa ṣí nínú aró. Ẹ fi ọjọ́ òjò so ìko, kí ẹ sì rán alábẹ́rẹ́ jọ, kí wọ́n ti wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Lásìkò yìí, ẹ má dá ọjọ́ tó há fún oníbàárà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi aṣọ ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ṣírò rẹ̀ kó parí ní ọjọ́ Ajé, kí télọ̀ náà lè rí àyè rán an.