Àṣìṣe tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí ìdánwò TRCN tó dé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi l'Abẹ́òkúta, ẹ má fi gbogbo ìforúkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lé ọmọ káfé lọ́wọ́. Èyí ló ń dùn mí jù. A ó dé Ìbarà, a ó kó sáàtífíkéètì NCE fún un, a ó ní, "Bá mi ṣe é jàre." Ímeèlì tirẹ̀ ló máa lò, password tó yan, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ìsọfúnni bá ti wá láti TRCN, inú fóònù rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ìyá kan tí a jọ ń kọ́ni wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omijé lójú: wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ káfé tó bá a ṣe é pa, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Ẹ ṣí ímeèlì tiyín, ẹ kọ password sínú ìwé tí ẹ ń fi pamọ́ sílé. Ẹ wo orúkọ yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ilé ọkọ tí kò bá ti sáàtífíkéètì mu máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ ti mọ kọ̀ǹpútà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, látorí ẹni tó ní NCE, tó wà ní ìsọ̀rí D, títí dé orí ọ̀mọ̀wé tó wà ní ìsọ̀rí A. Mo ti rí olùkọ́ àgbà kan tó gbé máòsì kúrò lórí tábìlì, tó ń nà án sí ojú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó mọ ìdáhùn o, àkókò ló ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ra sáàtífíkéètì kọ̀ǹpútà láìjókòó kọ́ ọ, ara rẹ̀ ló tàn.

Bí ẹ bá sì yege, ẹ má pa ẹ̀rọ tì. Ìlànà lórí lílo ẹ̀rọ kọ́ni tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, tún ṣe lọ́dún 2018 ka ìmọ̀ 18 fún olùkọ́, bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ ló sì jẹ ẹ́ lógún jù. Ká ya fọ́tò ojú pátákó sórí WhatsApp àwọn òbí ò tíì tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ JSS 2 fi fóònù òbí wọn ya àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọrọ àyè, kí wọ́n wá to fọ́tò náà láti orí aṣọ funfun dé inú aró, kí wọ́n sì kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yá kọ̀ǹpútà iléèwé ní Sátidé yìí, ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì yín bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.