Bí a ṣe fa rédíò wọ wọ́ọ̀dù márùn-ún: ìrírí mi ní ilé ìwòsàn kan n'Iléṣà

Ẹni tó bá gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan n'Iléṣà ní rédíò tirẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè nọ́mbà tí wọ́n máa fi rí wa lórí FM. A ò sí lórí FM. Wáyà la fà, láti yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, lọ sí wọ́ọ̀dù márùn-ún. Ẹni tó wà lẹ́yìn géètì kò lè gbọ́ wa. Láti máa sọ̀rọ̀ lórí FM láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, lòdì sí òfin, owó ìwé àṣẹ náà sì ju ohun tí àwa mẹ́sàn-án tó yọ̀ǹda ara wa lè dá jọ.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1919 ni wọ́n ti lò ó ní Walter Reed, ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Washington, l'Amẹ́ríkà. Ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hanstock ló ṣagbátẹrù èyí tí wọ́n fi sí County Hospital ní àárín àwọn ọdún 1920: nǹkan bíi 200 gbohùngbohùn àfisétí àti agbohùnsókè 70. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ rédíò l'Ékòó ní 1935, àpótí lára ògiri, ohùn BBC nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí ó ń sọ tirẹ̀, kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Rédíò ilé ìwòsàn ni kò gbọdọ̀ jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Gbígba èsì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Màá padà síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ wáyà ná.

Mátírọ́nù la kọ́kọ́ lọ rí, ká tó ra ìṣó kan. Òun ló mọ wọ́ọ̀dù tí ariwo kò gbọdọ̀ dé. Ó yọ ibi ìrọbí, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ara wọn le gan-an kúrò. Lẹ́yìn náà la mú téèpù, a wọn gbogbo ọ̀nà tí wáyà máa gbà. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ibi tí ojú sọ pé ó jẹ́ mítà 70 sí wọ́ọ̀dù ọmọdé, téèpù sọ pé 120, torí wáyà kì í la àárín ọgbà kọjá bí ẹyẹ, etí ògiri ló ń tọ̀.

Agbohùnsókè ilé, oní 8 ohm (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), kò ṣeé lò fún iṣẹ́ yìí. Wáyà 1.5 mm² ní nǹkan bíi ohm 12 ní kìlómítà kan. Mítà 120 ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 240, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 ohm. Tí 3 ohm bá dènà agbohùnsókè 8 ohm, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin fóltì tó ń ṣòfò sínú wáyà kó tó débẹ̀. Ohun tí a lò ni ètò oní 100 fóltì, irú èyí tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbé hóònù. Àńpílífáyà á gbé fóltì sókè, tiransifọ́ọ̀mù kékeré inú agbohùnsókè kọ̀ọ̀kan á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo agbohùnsókè wa pọ̀, wọ́n dà bí ohm 175 lójú àńpílífáyà. 3 ohm lẹ́gbẹ̀ẹ́ 175 kò tó nǹkan tí etí lè mọ̀.

Hóònù fúnra rẹ̀ la ò lò. Ojú pápá ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ran ikùn rẹ̀. Agbohùnsókè inú àpótí, oní ínǹṣì márùn-ún, la rà, 22 lápapọ̀. Wáyà mẹ́rin ló jáde lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti àpapọ̀, mẹ́ta tó kù jẹ́ ti wáàtì 1.5, 3 àti 6. Àwọ̀ wáyà yìí yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún la so mọ́ wáàtì 3, ìyẹn 48. Mẹ́fà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti lẹ́bàá tábìlì nọ́ọ̀sì la so mọ́ 1.5, ìyẹn 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 57. Ẹ má jẹ́ kí ẹrù ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára àńpílífáyà lọ. Oní wáàtì 120 la rà, 96 ló yẹ kó gbé, àyè ṣì wà fún wọ́ọ̀dù míì.

Lẹ́yìn àńpílífáyà, ẹ ó rí COM, 4Ω, 8Ω, 70V àti 100V. COM àti 100V nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹnì kan mú agbohùnsókè ilé rẹ̀ wá, kó so ó mọ́ wáyà wọ́ọ̀dù nítorí pé wáyà náà kọjá níbẹ̀. 8 ohm lórí 100 fóltì ń béèrè wáàtì 1,250. Tí àńpílífáyà bá ní ààbò, gbogbo wọ́ọ̀dù á dákẹ́. Tí kò bá ní, èéfín lẹ máa rí. A fi kálámù pupa kọ "100V" sára gbogbo àpótí ìsowáyà.

Nínú ilé, a kan wáyà mọ́ etí àjà. Láàárín ilé sí ilé, a fi í sínú páìpù PVC tó fẹ̀ tó mílímítà 20, a sì rì í sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ fi síta láìní páìpù, eku ti jẹ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Wáyà yìí kò gbọdọ̀ bá wáyà iná NEPA rìn pọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín wọn, tó bá sì di dandan kí wọ́n pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ "hùùn" lábẹ́ gbogbo orin. Ẹ so wáyà àpapọ̀ mọ́ COM, wáyà wáàtì mọ́ 100V, nínú gbogbo wọn. Agbohùnsókè méjì tó sún mọ́ra, tí wáyà ọ̀kan nínú wọn yí sódì, á máa pa ohùn ara wọn: ẹni tó wà láàárín wọn á gbọ́ ohùn tínrín, bíi ti fóònù àtijọ́.

Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní kọ́ńtírólù ohùn tirẹ̀ lára ògiri, òdo sí márùn-ún, níbi tọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lè tó. Wáàtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti gbogbo agbohùnsókè wọ́ọ̀dù náà lọ. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ní márùn-ún oní wáàtì 3, ìyẹn 15. Oní wáàtì 10 tí a kọ́kọ́ rà gbóná débi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. A fi oní 30 rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ fi mítà tí àwọn oníná fi ń wọn ohm wọn wáyà náà. Kì í ṣe ohm 175 ni mítà yín máa fi hàn, ẹ má bẹ̀rù. Iná bátìrì ni mítà ń lò, bàbà inú tiransifọ́ọ̀mù nìkan ló sì ń rí. Tiwa fi 15 hàn nígbà tí gbogbo kọ́ńtírólù wà lórí márùn-ún, a sì kọ 15 sára ògiri sítúdíò. Tó bá di 3 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, wáyà méjì ti fara kanra níbì kan. Tó bá di 20, wọ́ọ̀dù kan ti já. A fi kọnẹ́tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kí a lè yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Nígbà òjò tó ń sán àrá, a máa ń fa wáyà ìta yọ lẹ́yìn àńpílífáyà pátápátá; pípa á nìkan kò tó.

Sítúdíò kò gba wàhálà. Fóómù ògbólógbòó lára ògiri, aṣọ ańkárá lórí rẹ̀, míísà oní ihò mẹ́fà tó ń po ohùn pọ̀, máíkì méjì irú èyí tí àwọn olórin ń dì mú, torí máíkì olówó gọbọi á máa gbọ́ kẹ̀kẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ lóde. Tí kọ̀ǹpútà bá ń kùn nínú agbohùnsókè, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ ná. Ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, òun ni. Ní ti iná, ẹ ra àńpílífáyà tó ní ẹnu 24 fóltì lẹ́yìn. Bátìrì méjì oní fóltì 12, 100 Ah, ní ìsopọ̀ olórí-mọ́-ìdí. Ó ń mu nǹkan bí áńpíà 4, nítorí náà ìdajì bátìrì nìkan tó wa lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ láìfi ṣe ti NEPA.

Ó wá ku ìwé. Ìwé kíkọ olójú 80, tí a fi rúlà pín sí òpó: ọjọ́, wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì, orúkọ tí ẹni náà fẹ́ kí a fi pe òun, ohun tó fẹ́ gbọ́, ẹni tó fẹ́ kí. Ọjọ́rú àti Sátidé la ń sọ̀rọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méje ààbọ̀, lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti lọ. Ṣùgbọ́n aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì á mú ìwé lọ sí bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fọ ọwọ́ láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí ìkejì. Ẹ má jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé báírò fún aláìsàn, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ ọ́.

Tí ẹ bá sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, orin wo lẹ fẹ́ gbọ́?" ohun tí wọ́n máa fi dáhùn ni "èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. A yí ìbéèrè padà: "Mà, ta ló lùlù níbi ìgbéyàwó yín?" Ìgbà yẹn ni ẹni tó ti kọjú sí ògiri láti àárọ̀ á yíjú padà. Ẹlòmíràn kò fẹ́ orin rárá, oríkì ló fẹ́, nítorí náà ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ lè ki ọmọ Ọbòkun dáadáa. Àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù ọmọdé sábà máa ń kí ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ yòókù nílé, ní Ìpetu tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ẹni náà kò lè gbọ́ wa, wọ́n sì mọ̀. Síbẹ̀, a ń kà á.

A kì í dárúkọ àìsàn. A kì í dárúkọ wọ́ọ̀dù àti orúkọ pọ̀ nínú gbólóhùn kan. A kì í kéde ìbí àyàfi tí ìyá bá ní ká ṣe é, a kì í sì dárúkọ ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ. Orin tí wọ́n ń kọ níbi ìsìnkú kò wọ sítúdíò, ì báà dùn bí oyin. Ìmọ̀ràn ìṣègùn kò sí lẹ́nu wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìlera, mátírọ́nù ló ń kọ ọ́, ó sì ń fọwọ́ sí i. Èyí tó ṣe nípa káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ni mo fẹ́ràn jù, torí pé n'Iléṣà níbí, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín 1956 sí 1961.

Ohun kan tí a tún ń kọ sínú ìwé ní gbogbo Ọjọ́rú ni nọ́mbà tí kọ́ńtírólù wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wà. Kò sẹ́ni tó máa sọ lójú yín pé ẹ ń pariwo. Kọ́ńtírólù yẹn ló ń sọ ọ́. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin wà lórí òdo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbohùnsókè kan ló wà lókè orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin gan-an. A sún un ní mítà méjì, a sì yí i padà láti wáàtì 3 sí 1.5. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bá a lórí méjì. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.