Kí ló dé tí Ìdìtẹ̀ Ọ̀kitóbà fi bọ́ sí Nòfẹ́ńbà? Bí a ṣe ń yí ọjọ́ inú ìtàn padà sí ti òde òní

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí Ìdìtẹ̀ Ọ̀kitóbà ti Rọ́ṣíà nínú oṣù Nòfẹ́ńbà? Ṣé lóòótọ́ ni Shakespeare àti Cervantes, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Sípéènì, kú lọ́jọ́ kan náà? Báwo ni William ará Orange, ọmọ aládé Họ́láńdì tó wá jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba ní 5 Nòfẹ́ńbà 1688, nígbà tí ìwé àwọn ará Họ́láńdì sọ pé 11 Nòfẹ́ńbà ló ṣíkọ̀ lọ́dọ̀ wọn? Ìdáhùn kan ló wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ayé fi ń lo kàlẹ́ńdà méjì pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le ju ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo ti rí olùkọ́, mo ti rí akọ̀ròyìn, mo ti rí àwọn tó ń kọ ìtàn ìdílé, tí wọ́n ṣì í tí wọ́n sì ń fọwọ́ sọ̀yà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni n ó pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Júlíọ́sì Késárì ló gbé kàlẹ́ńdà àtijọ́ kalẹ̀ ní ọdún 45 ṣáájú Kristi: ọjọ́ 365 lọ́dún, kí ọjọ́ kan sì kún un ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún oòrùn lọ. Ìṣẹ́jú 11 kò jọ nǹkan kan, àmọ́ bó bá tó nǹkan bí ọdún 128, odidi ọjọ́ kan ti lé. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá ní kí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́wàá: wọ́n sùn ní Ọjọ́bọ̀ 4 Ọ̀kitóbà, ilẹ̀ mọ́ bá wọn ní Ẹtì 15 Ọ̀kitóbà. Òru yẹn gan-an ni Teresa Mímọ́ ará Ávila kú ní Sípéènì. Póòpù tún pàṣẹ pé ọdún tó bá parí sí òdo méjì kò gbọdọ̀ ní 29 Fẹ́búárì mọ́, àfi èyí tí 400 bá pín dọ́gba. Àṣẹ kejì yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú.

Bébà àti pẹ́ńsùlù tó. Àwọn ìkànnì tó ń yí ọjọ́ padà wà, èmi náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo bá ti fọwọ́ ṣe é tán. Ẹ má gbé e lọ sínú Excel. Excel kò mọ ọjọ́ kankan tó ṣáájú 1900, ó sì tún gbà pé 29 Fẹ́búárì 1900 wà, èyí tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà tí gbogbo wa ń lò.

1. Ta ló kọ ọjọ́ náà?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìṣirò. Ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹni tó kọ̀wé ti wá, torí ìgbà tí kálukú gba kàlẹ́ńdà tuntun yàtọ̀ síra. Sípéènì, Pọ́túgà, Pólándì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ítálì gbà á lójú ẹsẹ̀ ní 1582. Faransé gbà á ní Dìsẹ́ńbà ọdún yẹn. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Jámánì dúró di 1700. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti gbogbo ibi tó ń ṣàkóso, títí kan Amẹ́ríkà ìgbà náà, kò gbà á títí di 1752: Ọjọ́rú 2 Sẹ̀tẹ́ńbà, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ 14. Rọ́ṣíà gbà á ní 1918, Gíríìsì ní 1923. Ti Swídìn ni kí ẹ yẹra fún bí ẹ bá lè yẹra: wọ́n fo ọjọ́ kan ní 1700, wọ́n pa ìyókù tì, wọ́n wá dá ọjọ́ yẹn padà ní 1712. Ọdún yẹn, 30 Fẹ́búárì wà nínú kàlẹ́ńdà wọn. Ó di 1753 kí wọ́n tó bá àwọn yòókù dọ́gba.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn máa wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ dípò ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wo Ouidah ní ilẹ̀ Benin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní odi níbẹ̀, àwọn Faransé ní tiwọn nítòsí, ẹrú ni wọ́n jọ ń rà. Ẹ̀ṣọ́ méjèèjì lè gbọ́ ìró ìbọn kan náà, kí lẹ́tà Faransé sì fi ọjọ́ 11 ṣíwájú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọpa ogun tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbé ja Dahomey láàárín 1726 sí 1730 yóò bá lẹ́tà àwọn aláwọ̀ funfun wọ̀nyí pàdé. Bí kò bá mọ èyí, á sọ ogun kan di méjì.

2. Ọjọ́ mélòó ni kí ẹ fi kún un?

Ibí ni wọ́n ti ń jìn sí kòtò. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé Kérésìmesì àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà bọ́ sí 7 Jánúárì á rò pé ọjọ́ 13 ni ìyàtọ̀, á sì máa lẹ 13 mọ́ gbogbo nǹkan. Mẹ́tàlá kọ́ ni nígbà gbogbo. Ọdún olódo méjì tí Póòpù yọ 29 Fẹ́búárì kúrò nínú rẹ̀ ṣì ní in nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, torí náà àlàfo náà ń fẹ̀ sí i: ọjọ́ 10 láti 1582 títí di 28 Fẹ́búárì 1700, ọjọ́ 11 títí di 28 Fẹ́búárì 1800, ọjọ́ 12 títí di 28 Fẹ́búárì 1900, ọjọ́ 13 láti ìgbà náà. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo fi ka àwọn ọjọ́ Fẹ́búárì yẹn. Ọdún 2000 kò yí i padà nítorí 400 pín in dọ́gba. Ní 2100 ni yóò di 14, tí Kérésìmesì wọn yóò sì sún sí 8 Jánúárì láti 2101.

Bí ẹ kò bá fẹ́ há a sórí, ọ̀nà àbùjá wà. Ẹ mú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún náà. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù. Ẹ yọ èsì yẹn kúrò nínú nọ́ńbà tí ẹ mú, ẹ tún yọ 2. Fún 1688: 16, ẹ yọ 4, ẹ yọ 2, ó ku 10. Fún 1917: 19, ẹ yọ 4, ẹ yọ 2, ó ku 13. Jánúárì àti Fẹ́búárì ọdún olódo méjì nìkan ni kò bá a mu. Ẹ lo ti ọ̀rúndún tó ṣáájú fún wọn.

Pushkin, akéwì Rọ́ṣíà tí Abram Gannibal ọmọ Áfíríkà jẹ́ baba baba ìyá rẹ̀, ni mo máa ń fi dán àwọn tí mo ń kọ́ wò. Wọ́n bí i ní 26 Méè 1799, ó kú ní 29 Jánúárì 1837, nínú kàlẹ́ńdà ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìbí á gba 11, á di 6 Júùnù. Ọjọ́ ikú á gba 12, á di 10 Fẹ́búárì. Ẹnì kan ṣoṣo, àlàfo méjì. Ẹni tó bá fi 13 lé méjèèjì ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì rò pé àṣìṣe àwọn tí kò kàwé ni. Ogun Borodino, níbi tí àwọn ọmọ ogun Napoleon àti ti Rọ́ṣíà ti kọlu ara wọn, wáyé ní 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 1812 lójú àwọn ará Rọ́ṣíà. Ẹ fi 12 kún un: 7 Sẹ̀tẹ́ńbà, bí àwọn Faransé náà ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí Rọ́ṣíà ṣe ní 1995 lórí àwọn ọjọ́ ìrántí ogun wọn fi 8 Sẹ̀tẹ́ńbà sí i. Wọ́n lẹ 13 mọ́ ọn. Òfin yẹn kan náà ló gbé ìjà orí omi dídì ti 5 Épírì 1242 sí 18 Épírì, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 7 péré ni àlàfo nígbà náà.

3. Ẹ fi kún un

Síwájú ni ẹ ń lọ, ẹ kì í yọ kúrò. 23 Fẹ́búárì 1917, ọjọ́ tí àwọn obìnrin Petrograd, olú-ìlú Rọ́ṣíà nígbà náà, tú síta tí ìjọba ọba Rọ́ṣíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó: ọjọ́ 5 ló kù kí Fẹ́búárì parí, ẹ kó 8 tó ṣẹ́kù wọ Máàṣì, ó di 8 Máàṣì, Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Lágbàáyé. 25 Ọ̀kitóbà ọdún yẹn, ọjọ́ Ìdìtẹ̀ Ọ̀kitóbà, á di 7 Nòfẹ́ńbà.

Ìkìlọ̀ kan fún àwa ọmọ Yorùbá: ẹ má ka ọjọ́ bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. A máa ń ka òní mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọrún òní fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sí òní, tí ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ 16. Bí ẹ bá ka 11 lọ́nà yẹn, ọjọ́ kan á dín.

4. Ọdún wo gan-an ni?

Bó bá jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú 1752, tí ọjọ́ inú rẹ̀ sì bọ́ sáàárín 1 Jánúárì sí 24 Máàṣì, ẹ dúró. Ọdún tuntun wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì nígbà náà. 25 Máàṣì ni, nínú ìwé òfin àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọba obìnrin Elizabeth Kìíní kú ní 24 Máàṣì 1602, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún. Ní Skọ́tílándì, níbi tí James tó máa gorí ìtẹ́ rẹ̀ wà, wọ́n ti yí ọdún tuntun sí 1 Jánúárì láti 1600, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an jẹ́ 24 Máàṣì 1603 lọ́dọ̀ tiwọn. Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí 11 Fẹ́búárì 1731. Òun náà ni 22 Fẹ́búárì 1732 tí wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ọjọ́ yí, ọdún náà yí.

Ohun tó burú jù ni pé àwọn olóòtú òde òní sábà máa ń tún ọdún ṣe, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìwé á sọ pé wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní ní 30 Jánúárì 1649. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ 1648. Bí ẹ bá tún fi ọdún kan kún 1649, ẹ ti bà á jẹ́. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí wọ́n ti tún ṣe? Ẹ wo ìwé tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí lẹ́tà Dìsẹ́ńbà 1700 bá ṣáájú lẹ́tà Jánúárì 1700 nínú àkójọ kan náà, ọdún àtijọ́ ni ẹ ń wò.

Ẹ̀yin tó ń san owó-orí ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń ru ẹrù yìí. 25 Máàṣì àtijọ́, ẹ fi 11 kún un, 5 Épírì. Wọ́n tún sún un ní ọjọ́ kan ní 1800, ìdí nìyẹn tí ọdún owó-orí fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 Épírì. Ní ti ìtàn pé àwọn aráàlú da ìgboro rú ní 1752 pé kí wọ́n dá ọjọ́ 11 àwọn padà, àwọn onímọ̀ ìtàn kò gbà á gbọ́ mọ́. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí Hogarth, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbé e kà.

5. Ẹ fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò

Kàlẹ́ńdà yí, ọ̀sẹ̀ kò já. Bí ìwé bá sọ pé Ọjọ́rú ni, Ọjọ́rú ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán. 25 Ọ̀kitóbà 1917 jẹ́ Ọjọ́rú ní Petrograd, 7 Nòfẹ́ńbà náà jẹ́ Ọjọ́rú ní Paris. Alaska nìkan ni kí ẹ má fi èyí dán wò: nígbà tí Rọ́ṣíà fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní 1867, Ẹtì 6 Ọ̀kitóbà ni Ẹtì 18 Ọ̀kitóbà tẹ̀ lé, torí pé wọ́n tún gbé ilẹ̀ náà kọjá sí òdìkejì ìlà tí ọjọ́ ti ń yí lágbàáyé.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti Linux, ẹ tẹ cal 9 1752, ẹ ó rí i tí 14 tẹ̀ lé 2 lójúkojú. Ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o. Kò wúlò fún ti Rọ́ṣíà.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ọjọ́ tó bá ṣáájú Ọ̀kitóbà 1582, ẹ fi í sílẹ̀. Columbus rí ilẹ̀ ní 12 Ọ̀kitóbà 1492, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń kọ ọ́. Ẹ má sì lo ọgbọ́n yìí fún ọdún Hijira tàbí ọdún ilẹ̀ Etiópíà tó ní oṣù 13. Ìṣirò tiwọn yàtọ̀.

Ní ti Shakespeare: 23 Épírì 1616 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi 10 kún un, 3 Méè. Cervantes kú ní 22 Épírì ti Sípéènì, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ 11 ló wà láàárín wọn, bí àjọ UNESCO tilẹ̀ fi 23 Épírì ṣe Ọjọ́ Ìwé Lágbàáyé. Newton tí wọ́n ní wọ́n bí lọ́dún tí Galileo kú náà rí bẹ́ẹ̀. Galileo kú ní 8 Jánúárì 1642 lójú àwọn ará Ítálì. Wọ́n bí Newton ní 25 Dìsẹ́ńbà 1642 lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí í ṣe 4 Jánúárì 1643.

Bí ẹ bá yí i tán, ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́. Fún ọdún Gẹ̀ẹ́sì tó ń jiyàn, èmi máa ń kọ 1648/9. Bí ìwé méjì bá sì gbé ọjọ́ méjì fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bó bá ku 10, 11, 12 tàbí 13, tó sì bá ọ̀rúndún rẹ̀ mu, kàlẹ́ńdà ni. Bó bá ku 9 tàbí 14, ẹnì kan ló ṣì í kọ. Ẹ wá ìwé kẹta.