Ẹ má lé àkùkọ kúrò nídìí ìtẹ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti káàkiri Èkìtì, bí ẹ bá rí àkùkọ tó ba mọ́lẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, tó ń fi ẹsẹ̀ ha koríko, tó sì ń kùn lábẹ́ ọ̀fun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ pé ibi tí adìyẹ lè yé sí ló ń fi hàn án. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé agbọ̀n tí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí, kí ẹ má baà máa wá ẹyin kiri inú igbó. Àmọ́ bí adìyẹ bá ti sàba, tí àkùkọ sì ń gùn ún lórí ẹyin, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí 21 ọjọ́ yóò fi pé, nítorí ẹyin kan tó bá fọ́ lè ba èyí tó kù jẹ́.