Nọ́ọ̀sì, ohun tó yẹ kó o ṣe rèé tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ lójú ẹ lẹ́nu iṣẹ́

Aláìsàn tó ń bá ẹ ṣàwàdà láàárọ̀ kú sí ẹ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, o tẹ àyà ẹ̀ títí ọwọ́ ẹ fi ń gbọ̀n, kò jí, kò pẹ́ wọ́n ti ń pè ẹ́ ní bẹ́ẹ̀dì kejì pé dírípù ti tán, o sì lọ, o tún rẹ́rìn-ín sí onítọ̀hún. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tú ká, ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ gbàdúrà o, ẹni tó bá wù lè gbà á sínú. Lẹ́yìn náà bọ́jú, mu omi, kó o tó lọ bá ẹlòmíì.

Tó o bá délé, jẹun, sùn, má fi ọtí pa á rẹ́, má sì lo oògùn oorun fúnra ẹ torí pé o mọ orúkọ ẹ̀ (àwa tá à ń pín oògùn la tètè máa ń ṣe dókítà ara wa). Wá ẹnì kan tó o fọkàn tán, sọ èyí tó bá wù ẹ́ fún un, má ṣáà dárúkọ aláìsàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ ló ṣẹlẹ̀ sí, má fipá mú un kó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn mátírọ́nì kan máa ń kó gbogbo èèyàn jọ lọ́jọ́ kejì pé kí kálukú sọ tiẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ò fọwọ́ sí irú ẹ̀.

Tí oorun ò bá wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí àyà ẹ ń já tí àláàmù bá dún, má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti lé lóṣù kan, tó o ṣì ń lá a lálàá, tó ò fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kọjá, tó o kàn ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé, lọ rí dókítà ọpọlọ tàbí saikọ́lọ́jíìsì, ìtọ́jú ẹ̀ wà. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi kó o para ẹ, má dúró de oṣù kankan, lónìí ni kó o lọ.

Kí iṣẹ́ máa tán èèyàn lókun díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní burnout, ìyẹn tún yàtọ̀. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé yìí kan náà pè é ní ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, wọn ò pè é ní àìsàn. Torí náà, tí aláìsàn bá ti pọ̀ ju agbára àwọn nọ́ọ̀sì lọ ní wọ́ọ̀dù, ìsinmi ọjọ́ kan ò lè tán an. Máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́, iye aláìsàn, iye nọ́ọ̀sì tó wà, kẹ́ ẹ wá kóra yín lọ bá ọ̀gá ní méjì mẹ́ta, torí tó bá jẹ́ ẹnì kan ló lọ, ọ̀lẹ ni wọ́n máa pè é.